Ta Ni Ó Ni Ohun Tí A Mú Jáde Lára Ènìyàn?

Ìfáàrà

Ìbéèrè tí a fi ṣe orí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Bí aboyún bá bímọ, a kì í da ibi ọmọ náà sí ààtàn. Sísin ni à ń sin ín. Bí a bá fá irun tàbí tí a gé èékánná, àwọn àgbà a máa ṣọ́ ibi tí a kó o sí. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àwọn ènìyàn òde òní gbà gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n èrò kan wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, èyí ni pé ohun tí ó ti ara ènìyàn jáde kò tí ì bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà pátápátá. Ẹni tí ó bá mú un, ohun tí ó ní olúwa ni ó mú.

Lóde òní, ìbéèrè yìí ti gbé aṣọ mìíràn wọ̀. Nínú yàrá ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé, àwọn ìgò kéékèèké kan wà tí ìyẹ̀fun funfun bín-ín-tín wà ní ìsàlẹ̀ wọn. A kọ ọ́ sí ara wọn pé iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni wọ́n wà fún, pé a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ìtọ́jú ènìyàn. Owó gọbọi ni a fi ń rà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì tí ó wà nínú òmíràn kò wúwo tó hóró iyọ̀ kan. Purotéènì ènìyàn ni, síbẹ̀ kò ti ara ènìyàn kankan jáde. Inú ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí ni a ti pèsè rẹ̀. Ta ni ó ni ín? Ṣé ẹni tí a ti ara rẹ̀ rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ni, àbí ẹni tí ó fi ọgbọ́n àti làálàá ṣe é, àbí gbogbo ọmọ aráyé?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé ohun tí purotéènì náà jẹ́ àti bí a ti ń ṣe é. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé ìtàn ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí gbé dé ilé ẹjọ́. A ó wá yẹ àwíjàre ìhà mẹ́ta wò, a ó sọ èyí tí a rò pé ó tọ̀nà, a ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé tiwa.

Àwọn ońṣẹ́ inú ara

Ara ènìyàn dà bí ìlú olódi. Bí ọ̀tá bá yọ sí ìlú, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i kì í dá a jà. Igbe ni yóò fi ta, kí àwọn ará ilé kejì lè ti ìlẹ̀kùn, kí àwọn jagunjagun sì lè dìde. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì ara, àwọn ohun kéékèèké tí a fi mọ gbogbo ara wa. Sẹ́ẹ̀lì kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó ní purotéènì tí ó lè tú jáde. Purotéènì yìí ni igbe rẹ̀, òun náà sì ni ońṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1957, Alick Isaacs, ọmọ Skọ́tíláǹdì, àti Jean Lindenmann, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ṣe àkíyèsí ní ilé ìwádìí kan ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé bí fáírọ́ọ̀sì bá kan sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà a máa tú ohun kan sílẹ̀ tí yóò dáàbò bo àwọn sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì kò tí ì kàn. Wọ́n pe ohun náà ní interferon. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ mìíràn rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà GM-CSF pè. Èròjà kéékèèké 127 ni a sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ láti fi ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jíṣẹ́ fún mùdùnmúdùn eegun pé kí ó tún bí àwọn irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan sí i, àwọn tí í máa gbé kòkòrò àrùn mì.

Ìṣòro tí ó wà nídìí irú ońṣẹ́ báwọ̀nyí ni pé wọn kò pọ̀ nínú ara rárá. Ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Fínláǹdì, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Kari Cantell fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ interferon láti inú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi tọrẹ fún ẹgbẹ́ Red Cross. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ní láti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìwọ̀nba díẹ̀ tó lè jáde. Nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá interferon jẹ́ ti ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni, ọrẹ ènìyàn sì ni.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí àwọn onímọ̀ rí ọ̀nà láti gé DNA ẹ̀dá kan kí wọ́n sì so ó mọ́ ti ẹ̀dá mìíràn. Inú DNA ni ìlànà bí a ti í ṣe purotéènì kọ̀ọ̀kan wà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà aṣọ ti wà lórí ahunṣọ. Ní ọdún 1973, Stanley Cohen àti Herbert Boyer fi hàn ní Kalifóníà pé ohun tí a bá so pọ̀ báyìí lè máa bí sí i nínú bakitéríà. Ní ọdún 1980, Charles Weissmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zurich mú ìlànà interferon ènìyàn, wọ́n fi sínú bakitéríà tí ń gbé inú ìfun, bakitéríà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè interferon ènìyàn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Àwọn àgbà kò mọ bakitéríà nígbà tí wọ́n sọ pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, ṣùgbọ́n òwe wọn bá a mu.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé dì mú nínú àlàyé yìí ni pé, nígbà tí ońṣẹ́ náà bá dé inú ìgò, kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́. Ìlànà nìkan ni ó ti ara ènìyàn wá. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn wo?

Ìtàn John Moore

Ní ọdún 1976, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ John Moore, tí ń gbé ní ìlú Seattle, gba ilé ìwòsàn Yunifásítì Kalifóníà ní Los Angeles lọ. Irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan tí kò wọ́pọ̀ ni ó ń bá a jà. Dókítà rẹ̀, David Golde, ní kí a gé ọlọ inú rẹ̀ kúrò kí ẹ̀mí má baà bọ́. Wọ́n gé e ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Títí dé ibí yìí, kò sí aáwọ̀ kankan.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 1976 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, Moore ń ti Seattle lọ sí Los Angeles. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, wọn a gba ẹ̀jẹ̀, mùdùnmúdùn eegun, awọ ara àti àtọ̀ rẹ̀. Ó sọ nínú ẹ̀sùn rẹ̀ pé ohun tí wọ́n wí fún òun ni pé ìlera òun ni ó béèrè bẹ́ẹ̀, àti pé kò sí ibòmíràn tí a ti lè gbà á. Ohun tí wọn kò wí fún un ni pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yàtọ̀, ó ń pèsè púpọ̀ nínú àwọn ońṣẹ́ tí a ti ń sọ bọ̀ yìí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1979, Golde ti sọ sẹ́ẹ̀lì náà di ohun tí ń bí sí i nínú àwo láìdẹ́kun, a sì fi lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ orúkọ Moore pè é: Mo. Ní oṣù kìíní ọdún 1981, yunifásítì náà béèrè fún pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba tí ó ń fún ẹni tí ó ṣe ohun tuntun ní ẹ̀tọ́ láti dá a ní fún iye ọdún kan. Wọ́n rí i gbà ní oṣù kẹta ọdún 1984. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Genetics Institute bá wọn dòwò pọ̀: Golde gba ìpín ìdókòwò 75,000, ilé iṣẹ́ náà sì ṣèlérí pé ó kéré tán òun yóò san 330,000 dọ́là fún òun àti yunifásítì láàrin ọdún mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ Sandoz fi 110,000 dọ́là kún un. Láti inú sẹ́ẹ̀lì Mo yìí ni àwọn onímọ̀ Genetics Institute ti rí ìlànà GM-CSF ènìyàn tí wọ́n kéde ní ọdún 1985.

Ní ọdún 1983, wọ́n fún Moore ní ìwé kan kí ó fọwọ́ sí i pé òun fi gbogbo ẹ̀tọ́ tí òun lè ní lórí ohunkóhun tí ó bá ti ara òun jáde sílẹ̀ fún yunifásítì. Ìgbà náà ni ó fura. Ó kọ̀, ó gba ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò lọ.

Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìpínlẹ̀ Kalifóníà dá ẹjọ́ náà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 1990. Ìdájọ́ náà ní apá méjì. Èkíní, Moore lè pe dókítà rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí pé kò sọ fún un pé òun ní ohun mìíràn lọ́kàn lẹ́yìn ìwòsàn. Èkejì, Moore kò lè sọ pé a jí ohun-ìní òun, nítorí pé àwọn adájọ́ tí ó pọ̀ jù kò gbà pé sẹ́ẹ̀lì tí a ti gé kúrò lára rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun-ìní rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù yóò máa ba gbogbo olùwádìí. Wọ́n tún ní ońṣẹ́ inú ara kò dà bí ojú tàbí orúkọ ènìyàn. Bákan náà ni ó rí nínú ara gbogbo ọmọ aráyé. Moore kú ní ọdún 2001.

Kí a má baà dá ẹjọ́ ẹnu ẹyọ kan, ó yẹ kí a sọ pé iṣẹ́ ìwádìí wọ̀nyí ṣe àǹfààní. Ní ọdún 1986, a fi àṣẹ sí i ní Amẹ́ríkà pé kí a máa fi interferon tí bakitéríà pèsè tọ́jú irú jẹjẹrẹ tí ó mú Moore gan-an. Ní ọdún 1991, a fi àṣẹ sí GM-CSF fún àwọn tí a pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ Moore rí ni ó ti jẹ nínú oore náà.

Àwíjàre ìhà mẹ́ta

Ìhà kìíní sọ pé: ẹni tí ó ni ara ni ó ni ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi gírámà yẹ èyí wò, nítorí pé èdè wa ní ìmọ̀ràn láti fún wa. À ń sọ pé, 'Mo ní ilé.' À ń sọ pé, 'Mo ní ẹsẹ̀.' À ń sọ pé, 'Mo ní ìyá,' àti pé, 'Mo ní ìbànújẹ́.' Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Ṣùgbọ́n mo lè ta ilé mi. Bí mo bá ta ìyá mi, ìlú yóò lé mi jáde. Bí mo bá sì gbé ìbànújẹ́ lọ sí ọjà, ta ni yóò rà á? Níní kan kò dà bí èkejì. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ gbà pé Moore ní ọlọ inú kan, a kò tí ì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè díye lé e.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe kejì tún wà, èyí tí ohùn àárín wà lórí rẹ̀: 'Èmi ni mo ni ín.' Bí ẹnì kan bá ń fi ipá fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, tí ọmọbìnrin náà sọ pé, 'Èmi ni mo ni ara mi,' kò sí ẹni tí yóò rò pé ó fẹ́ ta ara rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun láìjẹ́ pé òun yọ̀ǹda. Irú níní yìí jẹ́ ti àṣẹ, kì í ṣe ti ọjà. A gbà pé Moore ní irú èyí, kò sì sí adájọ́ tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí wà tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra fún níní ti ọjà. Ilẹ̀ wa ti rí ìgbà tí a ń díye lé ènìyàn, ìgbà tí wọ́n ń sọ pé ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù. Bí a bá gbà pé kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ọjà, tálákà ni yóò kọ́kọ́ tà. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 rí èyí, ó sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí ó fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara tọrẹ gba owó lé e lórí ju ìwọ̀n ohun tí ó ná lọ.

Ìhà kejì sọ pé: ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni ó ni èrè. Ọlọ inú tí a gé kúrò lára aláìsàn kò níye lórí. Sísun ni wọn ì bá sun ún. Ọgbọ́n àti òógùn ojú olùwádìí ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó níláárí. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fún àríyànjiyàn ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní, 'Tíṣà, onígbàjámọ̀ fá irun mi, ó gbá irun náà kúrò nílẹ̀. Bí ó bá fi irun tí mo ti fi sílẹ̀ rán tìmùtìmù tà, ṣé kí n lọ bá a ṣẹjọ́ ni?' Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn dá a lóhùn pé, 'Bí ó bá rí i pé irun rẹ dára fún tìmùtìmù, tí ó wá ń purọ́ fún ọ pé àrùn wà lórí rẹ kí o lè máa wá fárí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?' Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

Ìdáhùn ọmọbìnrin yìí gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀. Bí mo bá gba ebu iṣu kan lọ́wọ́ aládùúgbò mi, tí mo gbìn ín, tí mo kọ ebè, tí mo ro oko fún ọdún mẹ́wàá, kò sí onílàákàyè tí yóò sọ pé tirẹ̀ ni gbogbo iṣu tí ó wà nínú àká mi. Iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀. Àwíjàre ìhà kejì ní òótọ́ nínú dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó fún mi ní iṣu náà kí n fi se oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá, tí mo sì yọ ebu lára rẹ̀ pamọ́, òógùn ọdún mẹ́wàá kò lè fọ irọ́ ọjọ́ kan yẹn. Iṣẹ́ lè jẹ́ kí èrè tọ́ sí ènìyàn. Kò lè sọ irọ́ di òtítọ́.

Ìhà kẹta ni èyí tí ilé ẹjọ́ fẹ́ mú lò: pé ońṣẹ́ náà kì í ṣe ti Moore, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ní i. Òótọ́ ni. GM-CSF tí ó wà lára Moore ni ó wà lára èmi àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Kò sí ẹni tí ó dá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ yìí yóò gbé wa dé. Bí ohun kan bá jẹ́ ti gbogbo ayé débi pé Moore kò lè dá a ní, báwo ni dókítà, yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ṣe wá lè dá a ní? Bí ara kì í bá ṣe ọjà, ó yẹ kí ọjà náà tú. Ṣùgbọ́n kò tú. Olóhun nìkan ni a ní kí ó kúrò lọ́jà. Àwọn tí ó kù ń ná an lọ. Nínú àwọn adájọ́ tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, Stanley Mosk tọ́ka sí irú àìdọ́gba yìí, a sì rò pé òun ni ó rí i dáadáa jù. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà pàápàá sọ pé DNA tí a kàn yọ láti inú ara bí ó ti wà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gba pátẹ́ǹtì lé lórí, àyàfi èyí tí ọwọ́ ènìyàn tò ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà ń rìn bọ̀ wá sí ọ̀nà, bí ó tilẹ̀ ń fi ìrìn ìgbín rìn.

Ìyọ̀ǹda àti ìmoore

Lójú tiwa, àṣìṣe tí ó wà nínú àríyànjiyàn yìí ni pé a gbé gbogbo rẹ̀ lé ohun-ìní. Ohun méjì mìíràn wà tí ó ṣe pàtàkì ju ohun-ìní lọ, àwọn ni ìyọ̀ǹda àti ìmoore.

Kí ìyọ̀ǹda tó lè jẹ́ ìyọ̀ǹda, ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí à ń bi gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá kí nǹkan kan má sì ṣe é. A kò sì gbọdọ̀ fi ìwòsàn rẹ̀ ṣe ìdè fún un. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe gbà nínú èdè wa. Dókítà gba ènìyàn là. Olè gba ẹrù lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ilé ìwòsàn kò ní agbára láti mọ èyí tí à ń ṣe fún òun nínú méjèèjì. Nítorí náà ni ẹrù òtítọ́ fi wà lórí ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́. Apá kìíní ìdájọ́ ọdún 1990 tọ̀nà ní ti èyí, ó sì yẹ kí á yìn ín.

Ìmoore ni òfin kò lè pa láṣẹ. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí jinlẹ̀ ju bí a ti ń lò ó lọ. Kò sọ pé aláìmoore jẹ́ olè, nítorí pé ohun tí a fún un, a fún un ni. Ohun tí ó sọ ni pé ọgbẹ́ tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó fúnni dà bí ọgbẹ́ ẹni tí a jà lólè. Ilé ẹjọ́ lè sọ fún Moore pé a kò jí i ní nǹkan. Kò lè sọ fún un pé kò ní ọgbẹ́.

Ẹ rántí Henrietta Lacks pẹ̀lú, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí jẹjẹrẹ pa ní ìlú Baltimore ní ọdún 1951. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀ láìsọ fún un. Sẹ́ẹ̀lì náà kò kú títí di òní. Ó ti yí gbogbo ilé ìwádìí ayé ká, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí rẹ̀ kò mọ nǹkan kan fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2023 ni ilé iṣẹ́ Thermo Fisher tó bá àwọn ajogún rẹ̀ parí ẹjọ́ tí wọ́n pè é. Ọdún 72 ti kọjá. Ọpẹ́ tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ni ín kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbà á.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí á dúpẹ́? Kì í ṣe nípa sísan owó ẹran ara. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùwádìí nílò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, aláìsàn nílò ọgbọ́n olùwádìí. Bí oògùn bá ti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kan wá, kí àwọn ènìyàn náà lè rí oògùn náà rà. Bí owó bá ti ibẹ̀ wọlé, kí ìpín kan padà sí ilé ìwòsàn tí a ti gba ẹ̀jẹ̀ náà. Kí a sì sọ ohun tí a rí fún wọn, nítorí pé ìròyìn ni ọpẹ́ tí ó rọrùn jù láti san.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹnì kan lè sọ pé Kalifóníà jìnnà. Kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 láti mọ bí DNA ènìyàn ti yàtọ̀ síra, àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ mú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìdílé 30 ní ìlú Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ wọn kan tí ó ti dàgbà, àádọ́rùn-ún ènìyàn lápapọ̀, ni ó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀. A sọ sẹ́ẹ̀lì wọn di ohun tí ń bí sí i láìdẹ́kun, a sì kó o pamọ́ sí ilé ìwádìí Coriell ní ìlú Camden ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí àwọn olùwádìí gbogbo ayé ti ń béèrè fún un. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Lẹ́tà YRI ni a fi ń mọ̀ ọ́n, èyí tí ó túmọ̀ sí Yorùbá ní Ìbàdàn.

Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti Moore, ó sì dára ju ti Moore lọ. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n béèrè, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ẹnì kan tí a lè dá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọpẹ́ náà ti di ti gbogbo Yorùbá. Ó yẹ kí á béèrè ní ọ̀nà wo ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá àgbà kan pé, 'Màmá, a fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò,' kí ni ìyá náà gbọ́? Ohun tí ó gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ mọ àìsàn tí ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà, àyẹ̀wò, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ tí kò kan àìsàn ìyá náà rárá. Bí ìyá náà bá dáhùn pé, 'Kò burú, ọmọ mi,' ohun tí ó yọ̀ǹda fún yàtọ̀ sí ohun tí a fẹ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó purọ́ níbẹ̀. Èdè ni ó ṣẹ̀.

A dá a lábàá pé kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wa àti nínú ìwé tí a bá bá àwọn ilé ìwòsàn túmọ̀. Kí àyẹ̀wò jẹ́ ti àǹfààní ẹni tí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ìwádìí jẹ́ ti ìmọ̀ tí gbogbo ayé yóò jẹ nínú rẹ̀. Kí òwò máa jẹ́ òwò, kí a má sì fi aṣọ àwọn méjì ìṣáájú bò ó. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì yóò lè sọ pé, 'Màmá, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yìí wà fún àyẹ̀wò yín. Díẹ̀ wà fún ìwádìí, ẹ sì lè sọ pé ẹ kò fẹ́. Bí òwò bá sì ti ibẹ̀ jáde lẹ́yìn ọ̀la, báyìí ni a ó ṣe é.' Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìbéèrè 'Ta ni ó ni ín?' kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, nítorí pé níní pọ̀ ní oríṣi. Ní ti ọjà, a gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta ẹran ara ènìyàn, ìbáà ṣe ẹni tí a gé e lára rẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tí ó gé e. Ní ti iṣẹ́, olùwádìí ní èrè tí ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n èrè náà kò lè fi irọ́ ṣe ìpìlẹ̀. Ní ti àṣẹ, olúkúlùkù ni ó ni ara rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Ní ti ọpẹ́, gbogbo wa jẹ gbèsè fún àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò lè rí i nínú ọ̀rọ̀ yìí pé òwe àti gírámà Yorùbá kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ sórí lásán. A lè fi wọ́n wọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ilé ìwòsàn àdúgbò yín bá ní ìwé ìyọ̀ǹda tí aláìsàn ń fọwọ́ sí, ẹ béèrè bóyá ó wà ní Yorùbá. Bí kò bá sí, ẹ bá wọn kọ ọ́.